Réènì gáàdì fún Hilux mi: ṣé èyí tí wọ́n ń lẹ̀ ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n ń tì bọ inú rọ́bà?

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, a kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ọkọ̀ ni mo gbé wá. Hilux 2012 onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo fi ń kó ẹyin láti Àkúrẹ́ lọ sí Bọ́lọ́runduró àti Oǹdó, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC rẹ̀ ti kú láti èṣí. Iye tí wọ́n pè fún òmíràn, ẹ jẹ́ n gbé e mì.

Ẹ̀ẹ̀rùn ò ni mí lára. Màá yí gíláàsì wálẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ mi, màá máa lọ. Òjò ló ń fojú mi rí màbo. Bí mo bá ti gbogbo fèrèsé pa, kò ní pẹ́ tí wínsìkíríìnì á fi ṣú bí ìdérí ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná. Ọwọ́ kan lórí sítíárì, ọwọ́ kejì lórí àkísà. Bí mo bá sì ṣí i, omi á rẹ itan mi gbindin. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Ọ̀wẹnà, ewúrẹ́ kan kọjá níwájú mi, n ò rí i àfi ìgbà tó kọjá tán. Kéréètì ẹyin 60 ló wà lẹ́yìn mi.

Awakọ̀ kan ní gáréèjì ní kí n lọ ra réènì gáàdì, ike dúdú gbọọrọ tó ń yọ síta lókè fèrèsé bí etí fìlà. Mo ti máa ń rí i lára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, mo rò pé fáàrí ni. Wọ́n ní oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan, téèpù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn lóde; èkejì, wọ́n ń tì í bọ inú rọ́bà tí gíláàsì ń gbà gòkè. Èwo ni kí n rà? Ṣé mo lè fọwọ́ ara mi ṣe é?

Jagun Òkè-Àró | Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ewúrẹ́ yẹn rí, ká bi í bóyá òun rí yín 😂. Èmi ò ní ọkọ̀ o. Mo kàn fìdí kalẹ̀ síbí ni, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Bàbá Kòkó Ìdànrè | Ọjọ́ Ajé, 7:31 àárọ̀

Ọmọ mi, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ ni kí o rà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tójú mi rí kí o tó lẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo ra tèmi, ọmọkùnrin tó tà á fún mi ló bá mi lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, létí títì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ dé ni, wọ́n ti fi páálíìṣì ra á lára, ó ń dán yinrin. Mo sanwó, mo kọrí sí oko. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń ti Ìdànrè bọ̀, mo gbọ́ "pàá!" bí ìgbà tí èèyàn na ilẹ̀kùn ní pàṣán. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, mo rí ike náà tó ń fò lọ sẹ́yìn bí àwòdì tó gbé òròmọdìyẹ. Ọlọ́kadà kan wà lẹ́yìn mi. Ọlọ́run ló ní kó yà á.

Ọlọ́kadà náà mú un wá bá mi. Ó sọ̀rọ̀ sí mi, mo gbọ́ ọ, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó lọ tán ni mo yí ẹ̀yìn ike yẹn wò. Téèpù ṣì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ilẹ̀kùn mi náà mọ́ tónítóní. Kò sí àpá kankan pé nǹkan ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ rí. Mo ní áà, ara páálíìṣì ló lẹ̀ mọ́, kò dé ara ọkọ̀ rárá.

Tíṣà Físíìsì | Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ewu o. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yín, ojú méjì ló ní. Ìkíní ni páálíìṣì. Ìkejì ni òjò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Téèpù tó dára tí wọ́n sábà máa ń fi sẹ́yìn àwọn ike yìí, ti ilé-iṣẹ́ 3M tí wọ́n ń pè ní VHB, kì í lẹ̀ tán lójú ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn kọ ọ́ síwèé: nínú ooru tó ṣe déédéé, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 agbára rẹ̀ á tó ìdajì, lẹ́yìn wákàtí 24 á tó ìdá 90 nínú 100, ó di wákàtí 72 kó tó pé pérépéré. Gọ́ọ̀mù yẹn rọ̀, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ bá gbogbo ihò tíntìntín ara ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí omi bá ti ráyè sábẹ́ rẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ó ti parí.

Wọ́n tún ní kí ooru ibi tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wà láàárín 21 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní Àkúrẹ́ níbí, òtútù kọ́ ni ìṣòro wa. Ilẹ̀kùn dúdú tó ti wà lóòrùn láti aago méjìlá, ẹ fọwọ́ kàn án wò, ẹ ó fà á yọ kíá. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, lábẹ́ ibòji.

Ohun tí wọ́n fi ń nu ibẹ̀ ni ọtí isopropyl, ẹ lè rí i ní ilé oògùn ńlá. Ẹ pò ó mọ́ omi, ìdajì ìdajì. Ara ilẹ̀kùn lẹ ó fi nù o, kì í ṣe ike. Ike acrylic kì í fẹ́ràn ọtí, ó lè sán wẹ́wẹ́ bí amọ̀ odò tó gbẹ. Ti pẹtiróòlù àti tíná, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ọmọ Réwáyà | Ọjọ́ Ajé, 9:48 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́yin, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń tì bọ rọ́bà. N ò ní purọ́, ó rẹwà, kò yọ síta púpọ̀, àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ò sì lè rí i fà. Ṣùgbọ́n àyè tó fẹ́ gbà, gíláàsì yín ló ni ín. Ọkọ̀ 2012, rọ́bà ibẹ̀ ti gan, mọ́tò tó ń gbé gíláàsì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ wá tún fẹ́ ki ike bọ ọ̀nà tó ti ń há fún un tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ tuntun gan-an, ó ní tirẹ̀. Gíláàsì tí èèyàn ń fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan tó sì ń gòkè fúnra rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ pé bó bá kan nǹkan lọ́nà kó padà, torí ọwọ́ ọmọdé. Oníbàárà mi kan tó ní Hilux 2018 lọ ti irú ike yìí bọ ọ́. Gíláàsì gòkè, ó kan ike, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, bí ọmọ tó ń gun igi àgbálùmọ̀ tó rí èèrà lókè. Ohun tá a ṣe ni pé a fín silikóònù sínú rọ́bà (kì í ṣe epo o, epo ń jẹ rọ́bà), a fa súwíìṣì sókè láìjù ú sílẹ̀ títí gíláàsì fi dé òkè pátápátá, a tún dì í mú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kó lè mọ òkè rẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn náà a ti fèrèsé pa fún ọjọ́ mẹ́ta kí rọ́bà lè gba àlejò. Ó gbọ́ràn lẹ́nu. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́ràn o.

Wàyí o, ìbéèrè tèmi. Lára dáṣíbọ́ọ̀dù yín, bọ́tìnì kan wà tàbí ọ̀pá kékeré kan tó ní àwòrán ọkọ̀ méjì: ọ̀kan, ọfà ń yí po nínú ọkọ̀, èkejì, ọfà ń ti ìta wọlé. Èwo ni tiyín wà lórí ẹ̀? Ẹ sì fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ èrò iwájú, ṣé ó tutù?

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Réwáyà, ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo jáde lọ wò ó nísinsìnyí. Ọfà tó ń yí po nínú ni. Nígbà ọyẹ́ ni mo gbé e síbẹ̀ torí eruku, mi ò sì rántí ẹ̀ mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, a dúpẹ́.

Tíṣà Físíìsì | Ọjọ́ Ajé, 1:41 ọ̀sán

Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn! Èémí yín ni ọkọ̀ ń kó padà fún yín láti ìgbà ọyẹ́. Èémí èèyàn ní omi nínú, òjò ti mú gíláàsì tutù, bí èémí gbígbóná bá ti kàn án, ìrì dé nìyẹn. Ẹ gbé ọ̀pá yẹn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń wọlé, kẹ́ ẹ sì tan fáànù sí ojú wínsìkíríìnì. Bí ọkọ̀ bá ní hítà tó ń ṣiṣẹ́, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń lò, kò nílò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀.

Ọmọ Réwáyà | Ọjọ́ Ajé, 1:55 ọ̀sán

Ṣé ẹ rí i pé ẹ lè má nílò réènì gáàdì rárá? Ẹ tọ́jú owó yín, ẹ fi ṣe AC.

Oníspéà Arákálẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán

Réwáyà ti dé, ó ti fẹ́ dí wa lọ́jà. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde, Tíṣà, ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹni tí kò ní AC, tó ti fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa nínú òjò, bí fáànù bá tiẹ̀ ń fẹ́, ooru nìkan ni yóò jìn ín lẹ́sẹ̀.

Tíṣà Físíìsì | Ọjọ́ Ajé, 3:12 ọ̀sán

Kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ tí ike yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń ya kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tó wà lẹ́yìn ike lọ́wọ́ inú á fúyẹ́ ní afẹ́fẹ́, ti inú ọkọ̀ á máa ya síbẹ̀. Ó ń fà á jáde bí ẹni ń fa omi ògì látẹnu ife. Ìka méjì péré ni kéèyàn yí gíláàsì wálẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ike ò bò ó mọ́, òjò á wọlé. Bí ọkọ̀ bá sì dúró lójú kan tí òjò ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀, kò sí ike tó lè gbà yín.

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Òjò rọ̀ lónìí láti Bọ́lọ́runduró. Mo ti yí ọ̀pá padà. Wínsìkíríìnì dára jù tàtẹ̀yìnwá lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Réwáyà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀rọ̀ Oníspéà, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ṣì ń ṣú, n ò sì rí dígí ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Màá rà á. Oníspéà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bèèrè fún?

Oníspéà Arákálẹ̀ | Ọjọ́rú, 7:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ sọ pé "ti Hilux ni mo fẹ́" o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Hilux tó jáde láti 2005 títí dé 2015, orí kan náà ni, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Vigo. Láti 2015 lọ, Revo dé, fèrèsé rẹ̀ yàtọ̀. Ike ọ̀kan ò bá èkejì mu, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Ẹ tún sọ pé onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ti onílẹ̀kùn méjì, ike méjì ló ń wá. Ti àwọn tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn kéré, gíláàsì ẹ̀yìn lè máà ṣí, méjì náà ni. Mo ti rí ẹni tó ra mẹ́rin fún Tacoma onílẹ̀kùn kékeré. Ó kó méjì wá bá mi pé kí n bá òun tà á. Ta ni kí n tà á fún?

Tacoma náà, Hilux kọ́ o. Ẹni tó bá ní "Toyota ni gbogbo wọn", ẹ máa wò ó, ọjà ló fẹ́ tà.

Ní ti ike: acrylic wà, polycarbonate wà. Polycarbonate rọ̀, kì í tètè fọ́ bí òkúta bá bà á, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè bí wọn ò bá fi nǹkan bò ó lójú. Acrylic le, oòrùn ò tètè mú un, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Èyí tó bá ní ìkọ́ kéékèèké tó ń wọ abẹ́ rọ́bà ní àfikún sí téèpù, ẹ mú ìyẹn. Bí téèpù bá jáwọ́, ìkọ́ á dì í mú títí ẹ ó fi páàkì.

Ẹ gbé e sókè ní ojú ọ̀run, kẹ́ ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wo pákó lọ́dọ̀ káfíńtà. Bó bá ti lọ́, ẹ dá a padà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé bébà pupa tó wà lẹ́yìn téèpù. Ẹnikẹ́ni ló lè fi bébà pupa bo gọ́ọ̀mù.

Ìyá Tóbi Alágbàká | Ọjọ́rú, 10:14 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọkùnrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi fi èyí tó fẹ̀ dáadáa sára ọkọ̀ wa, ó ga, ó jókòó, ó ní ó dára. Èmi kò ga. Nígbà tí mo jókòó sí ìdí sítíárì, ẹnu ṣóńṣó iwájú ike náà bọ́ síwájú dígí ẹ̀gbẹ́ mi gẹ́lẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin dígí ló bò. Ní oríta Ọjà Ọba tí kẹ̀kẹ́ ń ti ibi gbogbo yọ, èyí kì í ṣe eré. Mo fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìdí, ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà bí ìyàwó yín bá ń wa ọkọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí òun náà jókòó kẹ́ ẹ tó ṣí téèpù. Ẹ mú èyí tí kò fẹ̀ jù.

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́rú, 10:30 àárọ̀

Ìyá Tóbi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyàwó mi ló ń wà á lọ sọ́jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun náà kò ga. N ò bá má rò ó.

Awakọ̀ Ọ̀wọ̀ | Ọjọ́rú, 12:08 ọ̀sán

Ṣé ọlọ́pàá ò ní sọ pé gíláàsì dúdú ni? Mo bẹ̀rù nǹkan dúdú lára ọkọ̀ o.

Bàbá Kòkó Ìdànrè | Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán

Òfin gíláàsì dúdú ti 1991, gíláàsì ló ń bá wí. Ike yìí kò sí lára gíláàsì, òkè fèrèsé ló dúró sí, ojú rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Wọn ò dá mi dúró nítorí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mú èyí tí dúdú rẹ̀ fúyẹ́, kí ẹnu má baà pọ̀.

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́bọ̀, 8:22 alẹ́

Mo ti rà á. Wọ́n pè é ní ₦35,000, mo san ₦28,000, Oníspéà má bínú, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni, ìwọ ò ní ti Vigo tó ní ìkọ́. Mo ṣe bí ẹ ti wí, mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ fèrèsé láìṣí téèpù. Mẹ́ta jókòó bí ìgbà tí wọ́n bí i síbẹ̀. Ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, iwájú rẹ̀ kàn, ìdí rẹ̀ gbé sókè, àtàǹpàkò mi wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ti lọ́ nínú páálí. Mo padà lọ. Ọmọ tó ń tà á ní "ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, á gbà." Mo ní bó bá gbà lónìí, ṣé á gbà lọ́la nínú oòrùn? Ó wò mí, ó pààrọ̀ rẹ̀.

Oníspéà Arákálẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Mi ò bínú. Mo kàn ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ohun tẹ́ ẹ ṣe dára: ike tó ń jà láti padà sí bó ṣe lọ́, téèpù kankan ò lè bá a jà títí ayé.

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ọ̀sán

Mo ṣe é lánàá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ, torí n ò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré lè gba gbogbo àárọ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fọ ọkọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ àti omi nìkan, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi páálíìṣì sún mọ́ ọn. Mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Láago méje àárọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, mo fi aṣọ funfun àti isopropyl nu igun òkè ilẹ̀kùn. Aṣọ àkọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní mo fọ̀ ọ́ lánàá kẹ̀! Aṣọ kẹta ló tó wá funfun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọkọ̀ yín mọ́, ẹ mú aṣọ funfun kan.

Ìyàwó mi jókòó sídìí sítíárì, mo gbé ike mọ́ ọn, ó ní "lọ sẹ́yìn díẹ̀", mo lọ sẹ́yìn díẹ̀, ó ní "mo ti rí dígí báyìí". Mo fi téèpù bébà àwọn akunlé sàmì sí ìkángun méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀, bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, mo yọ etí rẹ̀ síta kí n lè rí i fà. Bóyá èyí ló là mí jù. Bí mo bá ti ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa lẹ̀ sí, kò sí àtúnṣe. Mo gbé e sí ojú àmì, mo fi ìkọ́ bọ abẹ́ rọ́bà, mo wá ń fa bébà jáde díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin ń fọwọ́ tẹ̀ lé mi. Nígbà tó jáde tán, a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìkángun dé ìkángun, a ka 30 ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Ti ilẹ̀kùn kejì ni mo ti ṣìṣe. Òógùn kán sí ojú téèpù látiwájú orí mi. Mo dúró, mo wò ó. Mo nù ún, kò tún lẹ̀ dáadáa níbẹ̀, bí ẹyọ ẹ̀wà kan. Mo tì í mọ́ ọn, ìkọ́ ló dì í mú níbẹ̀ báyìí. Ẹ so aṣọ mọ́ iwájú orí o.

Ọkọ̀ wà nílé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àbúrò mi ni yóò bá mi gbé ẹyin ọjọ́ Ajé.

Ọmọ Réwáyà | Ọjọ́ Àìkú, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di ọ̀gá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀, kí wọ́n má gbé ẹnu ìfọnmi alágbára yẹn sí etí ike láti òkè. Láti iwájú ni kó ti bọ̀, kó sì jìnnà.

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́bọ̀, 7:36 alẹ́

Òjò tó rọ̀ lónìí, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà Oǹdó mọ̀ ọ́n. Láti Ọ̀wẹnà títí mo fi wọ Àkúrẹ́, mo yí gíláàsì iwájú méjèèjì wálẹ̀ ìka méjì, ti ẹ̀yìn ìka kan. Wínsìkíríìnì mọ́. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mọ́. Àkísà wà lórí àga, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ó ní ohun tí kò dára nípa rẹ̀. Bí mo bá ti kọjá 90, ó ń súfèé, pàápàá ti lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni ń fẹ́ ẹnu ìgò. Bí mo sì ṣe dúró nílé tí mo yí gíláàsì wálẹ̀ pátápátá láti kí aládùúgbò mi, omi tó ti gbára jọ sórí ike dà sórí apá mi gbàà. Aládùúgbò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Tóbi Alágbàká | Ọjọ́bọ̀, 7:50 alẹ́

Ìyẹn máa ń ṣe gbogbo wa 😂. Ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó dà sílẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́, ẹ rí i?

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́

Mo rí i láti òkèèrè, ìyá. Mo fun fèrè fún un.

Bàbá Kòkó Ìdànrè | Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa. Mo ra òmíràn lọ́sẹ̀ yìí, ó wà nínú páálí. Ṣé o lè bá mi lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Màá gbé ọkọ̀ wá sí Ìjọ̀kà.

Ẹlẹ́yin Ìjọ̀kà | Ọjọ́bọ̀, 8:24 alẹ́

Bàbá, ẹ máa bọ̀, ilé yín ni. Ẹ kàn má fi páálíìṣì ra ọkọ̀ o.

Bàbá Kòkó Ìdànrè | Ọjọ́bọ̀, 8:31 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn nírọ̀lẹ́ yìí ni.

Jagun Òkè-Àró | Ọjọ́bọ̀, 8:32 alẹ́

Ṣé ó ń dán?

Bàbá Kòkó Ìdànrè | Ọjọ́bọ̀, 8:35 alẹ́

Yinrin.